Nígbà Tí Wọ́n Ń Wá Ẹ̀jẹ̀ Wa, Wọ́n Gbọ́ Yorùbá

Ẹni tí ó bá ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Yunifásítì kò mọ̀ ju oríkì àti àlọ́ lọ, ẹni náà kò tí ì ya ẹ̀ka wa rí. Ní sáà tí ó kọjá nìkan, iṣẹ́ ògbufọ̀ mẹ́ta ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sì sí èyí tí ó kan ìjálá nínú wọn. Èkíní wá láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ìwà àwọn oníbàárà hòtẹ́ẹ̀lì: kí ni ó ń mú àlejò padà wá, kí ni ó ń lé e lọ. Èkejì jẹ́ ti àwọn tí ó ń wádìí ìtọ́jú egbò. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó fún mi ní wàhálà jù, dá lórí yíyẹ ọlẹ̀ wò kí a tó gbé e sí inú obìnrin. Ìwé ìbéèrè àti ìwé ìfọwọ́sí ni gbogbo wọn. Wọ́n san owó díẹ̀ fún mi (owó náà kò tó ra ìwé atúmọ̀-èdè kan), wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo pàdé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ egbò wá, mo sì bi í pé ibo ni ọ̀rọ̀ dé. Ó ní àbọ̀ ìwádìí ti jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní òkè òkun. Mo kí i kú oríire. Mo wá bi í pé àwọn tí wọ́n tú aṣọ egbò wọn wò ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbọ́ ohun tí ẹ rí? Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ó lè yé wọn ni?" Èmi tí mo mú kí ìbéèrè yé wọn ni ó ń bi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi dìde nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni a ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ó dà bí ẹni pé inú Yunifásítì ni wọ́n ti pa òwe náà. Ìgbìmọ̀ tí ó ń gbé ni ga lẹ́nu iṣẹ́ àti ìwé ìròyìn tí ó wà ní ìlú Òyìnbó ni oníwádìí ń bẹ̀rù. Ìyá tí ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n wò ó, ta ni ó bẹ̀rù rẹ̀? Ìlànà ìwádìí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí béèrè pé kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ènìyàn ní èdè tí ó yé e kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń wá ẹ̀ka wa kiri. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí àbọ̀ dé, wọn kò gbọ́ ọ mọ́. N kò tí ì rí oníwádìí kan ṣoṣo tí ó gbé àbọ̀ wá kí a bá òun túmọ̀ rẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi ìwádìí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pàápàá jù lọ ti hòtẹ́ẹ̀lì. "Ṣé ẹni tí ó lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì náà di ohun tí à ń fi gba oyè?" Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, títí mo fi ka iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Noah Goldstein, Robert Cialdini àti Vladas Griskevicius, tí ó jáde ní ọdún 2008. Aṣọ ìnura ni wọ́n wò. Hòtẹ́ẹ̀lì a máa kọ ọ́ sí ilé ìwẹ̀ pé kí àlejò jọ̀wọ́ lo aṣọ ìnura rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí omi àti ọṣẹ má baà máa ṣòfò. Níbi tí wọ́n ti bẹ àlejò pé kí ó ṣe é nítorí ayé tí a ń gbé inú rẹ̀, nǹkan bí 35 nínú 100 ni ó gbà. Níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀pọ̀ àlejò hòtẹ́ẹ̀lì yìí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó di 44. Wọ́n tún un dán wò, wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti sùn nínú yàrá yìí gan-an ni ó ṣe é. Ó di 49. Ẹni tí ó bá ti yá owó ra aṣọ ẹbí rí kò nílò kí ọ̀mọ̀wé kankan ṣàlàyé èyí fún un.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó dùn mọ́ mi jù kò tí ì dé. Ní Jámánì, Gerd Bohner àti Lena Schlüter dán irú rẹ̀ wò ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tiwọn, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2014. Ọ̀rọ̀ "yàrá yìí gan-an" kò borí níbẹ̀; ẹ̀bẹ̀ lásán nítorí àyíká náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó bínú. Èyí ni mo fẹ́ràn nínú ìwádìí: ó lè padà wá sọ ní gbangba pé òun kò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwa tí à ń kọ́ nípa àṣà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ rí pé báyìí ni Yorùbá ń ṣe, ó di pé báyìí ni wọn yóò máa ṣe é títí láé.

(Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn ọmọbìnrin tí ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ni ó dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè tí mo túmọ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn ohun tí àlejò sọ nípa iṣẹ́ wọn.)

Ọ̀rọ̀ egbò ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹni tí ó gbé ìwé náà wá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo síbẹ̀, ó sì fẹ́ kí n fi "ọgbẹ́" dí i. Mo ní rárá. Yorùbá mọ̀ pé ọgbẹ́ ni èyí tí ọ̀bẹ dá sí ara láàárọ̀ yìí. Egbò ni èyí tí ó ti ń kẹ̀. Egbò àdáàjinná sì ni èyí tí ó ti di àlejò ọlọ́dún gbọọrọ. Bí o bá bi ìyá tí ojúgun rẹ̀ ti ń ṣomi láti ọdún mẹ́ta pé ṣé ó ní ọgbẹ́, yóò ní òun kò ní. Yóò sì jẹ́ òótọ́. Ìwé yóò wá gbé e pé ara rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ kan péré, iye àwọn aláìsàn ti dín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìkirè, ní àtọ̀gbẹ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàtà tuntun kan bó o ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò dùn ún, nítorí àtọ̀gbẹ a máa pa ẹsẹ̀ kú tí kò fi ní mọ ìrora, òun náà kò sì kà á sí. Nígbà tí ó di egbò, gbogbo ilé di dókítà. Ẹnìkan ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí ó gbẹ. Ẹnìkan tú kápúsù, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn ń fi omi gbígbóná jó o láàárọ̀ lálẹ́, ẹsẹ̀ tí kò mọ gbígbóná mọ́! Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n wẹ egbò náà, wọ́n dì í, wọ́n sì fún un ní ìwé pélébé kan tí ó sọ bí yóò ti máa tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Màmá Ìkirè ti ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí ohun tí a kọ ní Yorùbá tí kò lè kà kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ká ìwé pélébé náà, ó fi sí àárín Bíbélì rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ọmọ ìka méjì.

Mo ka ìwé náà. Ojú ìwé kan ni. Ó ní kí ó máa wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó sì nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀, bí kò bá sì lè tẹ̀ ba, kí ó fi dígí wò ó. Kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ìbáà ṣe nínú ilé. Kí ó máa fi ọwọ́ wá inú bàtà kí ó tó wọ̀ ọ́. Bí ó bá sì rí ibi tí ó bó, bó ti wù kí ó kéré mọ, kí ó wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ kan ni ó gbà mí láti túmọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn sì tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1962, George Winter ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ó dá ọgbẹ́ tí kò jìn sí ara ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó sì ṣí àwọn kan sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Àwọn tí ó bò, tí ọ̀rinrin wà lábẹ́ wọn, awọ tuntun yára bò wọ́n tó ìlọ́po méjì àwọn tí ó gbẹ. Níbi tí ọgbẹ́ bá ti gbẹ tí ó sé èépá, awọ tuntun ní láti wá ọ̀nà gba abẹ́ èépá náà kọjá; níbi tí ó bá tutù, ọ̀nà là fún un. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti ń bo egbò dípò kí wọ́n sá a sí oòrùn bí ẹ̀gẹ́. N kò sọ pé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni Màmá Ìkirè, bẹ́ẹ̀ ni ọgbẹ́ tí kò jìn kì í ṣe ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Ilé ìwòsàn ni ibùgbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ju 60 ọdún lọ tí wọ́n ti mọ̀ pé atẹ́gùn kì í ṣe oògùn egbò, a sì ń sọ ọ́ ní ilé wa títí di òní pé kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí ó gbẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti ń mira. Wọn yóò ní kí ni a ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ Òyìnbó, ṣebí àwọn baba wa ti ń fi oyin wo egbò kí Òyìnbó tó dé? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ní ọdún 1988, oníṣẹ́ abẹ kan ní Calabar, S.E.E. Efem, kọ àbọ̀ rẹ̀ lórí aláìsàn 59 tí ó fi oyin tọ́jú egbò àti ọgbẹ́ wọn. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún egbò náà ni ìtọ́jú ilé ìwòsàn kò ràn tẹ́lẹ̀. Aláìsàn 58 ni ìyàtọ̀ ńlá dé bá. Ẹnìkan ṣoṣo ni oyin kò ràn. Wọ́n yẹ ẹni yẹn wò síwájú sí i, wọ́n sì rí i pé egbò Buruli ni ó ń bá a jà, àrùn kan tí kòkòrò tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn baba wa mọ̀ nípa àwọn 58. Ẹnìkan tí ó kù yẹn ni ìwádìí fi kún un. Oníṣègùn tí kò ka iye, tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, yóò ní ayé ni ó ń bá ẹni yẹn jà, yóò sì máa fi oyin kún oyin títí ẹsẹ̀ yóò fi jẹ tán. Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tí ó gbà pé a ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. (Oyin tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn lóde òní sì ni èyí tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, kì í ṣe oyin ẹ̀bá ọ̀nà tí a ti fi ṣúgà lú.)

Ó wá ku ti ọlẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà nìyí. Wọ́n á gba ẹyin lára obìnrin, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin nínú àwo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ti Louise Brown tí a bí ní ọdún 1978. Bí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n á bu díẹ̀ lára apá tí yóò di ibi ọmọ, wọ́n á fi yẹ ohun àjogúnbá inú rẹ̀ wò, èyí tí kò bá ní àìsàn náà ni wọ́n á gbé sí inú ìyá. Ní ọdún 1990 ni Alan Handyside àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ jábọ̀ pé irú oyún bẹ́ẹ̀ dúró, fún àwọn ìdílé tí àìsàn wọn ń mú ọmọkùnrin. Ní ọdún 1999, àwọn oníṣègùn ní New York jábọ̀ ti àìsàn tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, fòníkú-fọ̀ladìde, ti ẹ̀jẹ̀ SS. Ìbejì ni ó jáde níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ní àìsàn náà nínú wọn. Àwa tí a ní orúkọ bíi Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ nínú ìdílé wa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ irú ìròyìn yìí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ túmọ̀ rẹ̀? Mo kọ́kọ́ kọ "ọmọ inú". Mo gbé e lọ fún ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa, mo ní kí ó bá mi gbọ́ ọ. Ó ké, "Háà! Wọ́n fẹ́ máa ṣa ọmọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà?" Mo yí i padà, mo kọ "ẹyin", bí oníwádìí náà ti fẹ́. Ìyá náà ní, "Bó bá ṣe ẹyin ni, kí wọ́n máa ṣà á, kò sí ohun tó burú." Obìnrin kan náà, ọjọ́ kan náà, ìdáhùn méjì! Mo wá rí i pé ọwọ́ ògbufọ̀ ni èsì ìwádìí wà, ẹ̀rù sì bà mí. Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní ọlẹ̀ ni. Ó bi mí pé, "Ṣé ó ti sọ?" Mo ní kò tí ì sọ, ìyá mi, kò tí ì wọ inú ìyá rẹ̀ pàápàá, ó ṣì wà nínú àwo, ó di ọjọ́ márùn-ún. Ó di ẹ̀fọ́ méjì kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwọn tí wọn ò gbé sínú ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń kó wọn sí?"

Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé. Mo sọ fún oníwádìí náà pé kí ó fi kún un. Ó ní àyè kò sí mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ti èdè. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, a óò sọ fún wọn pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS. Ẹnìkan wà ní kíláàsì wa tí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí àkọ́bí wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní èyí tí ó burú ti jáde, mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Ọmọ kẹta náà tún jẹ́ SS. Kò sí ẹni tí ó parọ́ fún wọn. Bí wọ́n ti sọ ọ́ ni kò dára. Bí a bá ní kí wọ́n ro ó bí àpò tí ọmọ ayò mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí a fi ẹfun kun ọ̀kan, tí ìyá ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbàkígbà tí ó bá lóyún, tí ó sì gbọ́dọ̀ dá èyí tí ó mú padà kí ó tó tún tọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣé kò ní yé wọn? Ọmọ tí ó ń ta ayò ní ìsàlẹ̀ ilé yóò lóye rẹ̀. Yíyẹ ọlẹ̀ wò kò sì tí ì sí ní àrọ́wọ́tó púpọ̀ nínú wa, nítorí owó gọbọi ni. Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fẹ́ra kò wọ́n, àlàyé tí ó yè kooro nìkan ni ó ń fẹ́.

Ta ni yóò ṣe àlàyé náà? Ẹnìkan yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹnu wọn kò wú. Ní ọdún 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá apá kìíní. Ní 1990, Awóbùlúyì ṣe ti apá kejì. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí a lè fi Yorùbá jiyàn lórí fóníìmù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀ fúnra wọn. A ti ní ọ̀rọ̀ tí a óò fi yẹ ọ̀rọ̀ wò, a kò ní èyí tí a óò fi yẹ ẹsẹ̀ Màmá Ìkirè wò. Kí a má sì dúró de ìjọba. Ní 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 2025, wọ́n ti wọ́gi lé e.

Ìmọ̀ràn mi nìyí fún ẹgbẹ́ wa. Ìwé ìròyìn wa yìí ní àyè fún ewì, ó ní àyè fún àwòrán àwọn olóyè ẹgbẹ́, ó sì tún ní àyè fún ìkíni kú ọdún láti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Kí a yọ ojú ìwé mẹ́rin nínú rẹ̀ lọ́dọọdún fún àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú Yunifásítì yìí, kí àwa kọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò gbọ́, kí ẹni tí ó ṣe ìwádìí sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a má baà ṣì í sọ. Kí a tẹ ojú ìwé náà sọ́tọ̀, kí a gbé e lọ sí ọjà àti sí ilé ìwòsàn. Kí ẹ̀ka wa sì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fi irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé lórí oríkì àwọn ọba. Àwọn oríkì náà kò ní sá lọ.

Oníṣẹ́ kẹrin ti kàn mí lára ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé ìbéèrè lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo sọ fún un pé n kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé bí àbọ̀ bá dé, òun yóò gbé e wá kí a jọ túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun yóò bi ọ̀gá òun. Ìwé ìbéèrè náà ṣì wà lórí tábìlì mi, n kò tí ì fọwọ́ kàn án.